Má tọwọ́ bọ̀ ọ́: ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú nípa àkèré olóró

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Nínú igbó kìjikìji etí òkun Pàsífíìkì ní Kòlóńbíà, àkèré kan wà tó ń yan fanda lọ́sàn-án gangan. Èèrà tó fẹ́ jẹ nìkan ló ń lé. Ó pọ́n bí ìyeyè, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Phyllobates terribilis ni orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fún un lọ́dún 1978.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn rò pé wọ́n bí oró mọ́ ọn. Rárá o. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ló ti ń rí i: kòkòrò wẹ́wẹ́ inú igbó ló ń gbé oró náà wá, òun a sì tò ó pamọ́ sínú awọ. Èyí tí wọ́n bí sínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n ń fi kantíkantí àti ọmọ ìrẹ̀ bọ́, kò lóró rárá. Nítorí náà, tó o bá rí fídíò ẹni tó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ dán ti inú igbó wò. Èyí tí wọ́n sì mú láti inú igbó wá sílé, oró rẹ̀ lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Má dúró kó bù ọ́ ṣán kó o tó bẹ̀rù. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Oró náà, batrachotoxin, máa ń dá ẹnu ọ̀nà kéékèèké ara iṣan sí ṣíṣí, kò ní lè padé mọ́. Ara á le gan-in, lílù ọkàn á sì dàrú. Nǹkan bíi mílígíráàmù 1 péré ló lè wà lára ẹyọ kan, wọ́n sì ṣírò pé ó tó pa èèyàn bíi 10.

Má sì sọ pé gbogbo àkèré aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń fi ṣe oró ọfà. Irú wọn lé ní 150, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni a mọ̀ dájú pé àwọn ọdẹ Emberá, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Kòlóńbíà, ti lò. Wọ́n á ki méjì nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè làágùn. Ti terribilis yàtọ̀: ọdẹ á fi ṣóńṣó ọfà ra ẹ̀yìn rẹ̀, á jẹ́ kó máa lọ, ọfà náà á sì lóró fún ọdún kan gbáko. Àwọn àkèré mìíràn tilẹ̀ wà ní Ẹ̀kúádọ̀ tó kàn yá àwọ̀ àwọn olóró wọ̀, ògbójú lásán!

Àti pé ohun kan kò lè jẹ ẹ́? Ejò kékeré kan wà, Erythrolamprus epinephelus, tí oró náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Èèyàn ló burú sí i ju ejò lọ, nítorí wọ́n ń gé igbó rẹ̀, wọ́n sì ń kó o tà. CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti ń ṣọ́ òwò yìí láti 1987. Bó bá wù ọ́ láti sìn ín, ọmọ inú àpótí ni kó o béèrè, kó o sì gba ìwé rẹ̀.