Táńkì lítà 7.8 láti Àbújá dé Kàdúná

Alùpùpù Honda CRF250L dára lórí títì àti nínú iyanrìn, àmọ́ lítà 7.8 péré ni táńkì rẹ̀ ń gbà. Àbújá sí Kàdúná sì sún mọ́ kìlómítà 190. Lóòótọ́, ilé epo wà lọ́nà, ṣùgbọ́n nígbà tí epo bá wọ́n, ẹ má gbára lé wọn.

Mo kún táńkì, mo dá mítà tó ń ka kìlómítà padà sí òdo, mo gbé ẹrù lé e, mo gùn ún, mo sì tún un kún: lítà kan gbé mi dé kìlómítà 28. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iye tó dára yìí ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan tí atẹ́gùn ọyẹ́ sì kọjú sí yín, ó lè já sí kìlómítà 22 fún lítà kan. Ẹ fi 22 pín 190, ẹ óò rí lítà 8.6, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, ó di nǹkan bíi 10.4.

Gálọ̀nù lítà 3 tí wọ́n ṣe fún epo ló yanjú rẹ̀. Ẹ dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, nísàlẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn pátápátá, iwájú á fúyẹ́ nínú iyanrìn. Ẹ má kún un dé ẹnu, torí oòrùn ń mú epo wú. Ike omi kò ṣeé lò rárá.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí epo ṣì wà, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bó bá fa atẹ́gùn "fíìì", eruku ọyẹ́ ti dí họ́ọ̀sì tí táńkì fi ń mí. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọn eruku jáde, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀.