Bí mo ṣe fi sẹ́nsọ̀ mú ooru tó ń ba lésà mi jẹ́

Ẹ̀rọ lésà kékeré kan ni mo fi ń kọ̀wé sára pákó níbí ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Sábó. Oṣù kẹta tó kọjá, mọ̀mí kan gbé iṣẹ́ wá, ọgọ́rin pákó tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà, kí n kọ "Sùn un re o, Màmá wa" sára gbogbo ẹ̀, wọ́n fẹ́ pín in níbi òkú ìyá wọn. Àwọn tí mo kọ́kọ́ ṣe dúdú bíi kóró iṣin, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ìkọ̀wé ti ń ṣá, mọ̀mí wò ó títí, wọ́n ní "Ọkọ mi, àbí yíǹkì ẹ ló tán ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ inú mi ò dùn.

Mo nu lẹ́ńsì, pàbó. Mo wọn iná tó ń wọlé, fóòtì 12 pé. Mo tiẹ̀ bú ẹni tó ta pákó fún mi (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́). Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé tí mo bá pa á kí n lọ jẹun, tí mo bá dé ó máa kọ dáadáa, kò sì ní pẹ́ tí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ah, ooru ni!

Ẹ ò rí i, dáyóòdù lésà, ìyẹn nǹkan kékeré inú ẹ̀rọ tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ lésà, ò fẹ́ràn ooru rárá. Bó ṣe ń gbóná sí i ni iná tó máa kọ́kọ́ jẹ kó tó tàn ń pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde á wá dín kù, èyí tí kò bá di ìmọ́lẹ̀ nínú iná yẹn, ooru náà ló tún ń dà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962, inú náítírójìn olómi, -196°C, ni wọ́n ti lò ó, ó di 1970 kí wọ́n tó ṣe èyí tó lè máa tàn láì dáwọ́ dúró nínú yàrá lásán. Tèmi wá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù, nínú oòrùn oṣù kẹta.

Mo lọ sí Computer Village lọ ra thermistor 10k, sẹ́nsọ̀ tó ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, kékeré bíi kóró ata, owó ẹ̀ ò tó ti búrẹ́dì. Ní 25°C ohm 10,000 ló wà (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), bó ṣe ń gbóná ló ń já wálẹ̀, ní 50°C ó ti wálẹ̀ dé bíi 3,600. Mo so ó mọ́ resistor 10k kan (òun náà ń dí iná lọ́nà, àmọ́ tiẹ̀ kì í yí), mo fa wáyà àárín wọn lọ sí A0, ojú ibi tí wọ́n ti ń ka iná lára Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, nǹkan bíi 512 ló máa kà nínú 1023, kóòdù á wá sọ ọ́ di °C.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe rèé: ẹ̀gbẹ́ fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí dáyóòdù ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ torí pé ibẹ̀ rọrùn. Ó ń kà 38, mo ní kò burú, mo pa ẹ̀rọ, mo fọwọ́ kan irin tó di dáyóòdù mú, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Atẹ́gùn fáànù ni mo ń wọ̀n láti àárọ̀. Mo gbé e lọ sára irin yẹn gangan, mo fi thermal paste díẹ̀ sí i (ìpara tó ń jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa), mo fi téèpù tí kì í jó lẹ̀ ẹ́, ló bá kà 57. Inú dáyóòdù fúnra ẹ̀ ṣì máa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ o, nínú àwọn olówó ńlá tó wà fún fáíbà, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ilé dáyóòdù ni wọ́n ti ń fi thermistor sí pẹ̀lú nǹkan tó ń mú un tutù, torí tó bá gbóná, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á yẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi relay, swíìṣì tí Arduino lè tẹ̀ fúnra ẹ̀, sí i kó máa gé iná lésà tó bá ti dé 50. Ọgbọ́n burúkú! Lésà kú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí pákó, "Sùn un re" nìkan ló jáde, "o, Màmá wa" ti bá atẹ́gùn lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe jẹ́ kó kàn máa pariwo?" Òun ló gbà mí. Mo yọ relay, mo fi buzzer tó ń pariwo sí i, tó bá ti han, èmi fúnra mi á tẹ pause lórí kọ̀ǹpútà, lésà á dákẹ́, fáànù á ṣì máa fẹ́, tó bá sọ̀ dé 40 a tún bẹ̀rẹ̀ níbi tá a dé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn wá fi hàn mí? Mo tú fáànù, èéfín pákó ti bá eruku pọ̀ di nǹkan bíi ẹ̀tù nínú ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ thermal paste tó ti gbẹ, láti ọjọ́ yẹn 44 ló máa ń dúró sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ han mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ awò tó wà fún lésà búlúù lójú, ẹ sì máa pa á pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ọgọ́rin pé, mọ̀mí sì sanwó. Èyí tó dúró sí "Sùn un re" yẹn ni mo gbé lọ sílé, ìyàwó mi ní kì í ṣe òun lòun máa gé àlùbọ́sà lórí nǹkan bẹ́ẹ̀.