Land Rover Àtijọ́ Tí Wọ́n Ti Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀: Ṣé Ká Yọ Ọ́ Ni àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ẹ má tíì gbé sípánà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti inú pátíkúlà. Land Rover Series III (1971 sí 1985) tó wọ́pọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2,286 cc ni wọ́n bí i mọ́. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà kúrò, ẹ tètè kúrò níbẹ̀. Ọ̀ràn ọlọ́pàá ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí mo rà ní Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo, ẹ́ńjìnnì 22R, ti Toyota Hilux, ló wà nínú ẹ. Mo fọwọ́ pa ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí, ó rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi sukudiráfà tì í, ó wọlé ṣọ́ọ́: irin ti dógùn-ún. Wọ́n tún ti gé lára ṣaasí, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè ráyè. Mẹkáníìkì mi mi orí: "Bọ̀dá, ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Ibùjókòó ẹ̀ ni ò dáa."

Tó bá jẹ́ bóòtù ni wọ́n fi dè é, tí wọn ò gé ṣaasí, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè dá ẹ́ńjìnnì àbímọ́ ọkọ̀ padà. Tí wọ́n bá ti gé e, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wẹ́dà tó rí iṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ pinnu.

Ẹ wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí iye wọn sún mọ́ra. Ẹ wà á gba Ìkìrun lọ Ìrágbìjí lọ́sàn-án gangan, kí ẹ máa wo géèjì ooru bẹ́ ẹ ṣe ń gun òkè. Ẹ rọra tẹ ẹ o: ṣáàfù ẹ̀yìn Land Rover Series, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ò lágbára, ẹ́ńjìnnì tó bá le jù a máa ṣẹ́ ẹ.

Ti owó ńkọ́? Pátì Hilux kò wọ́n lójà. Ti Land Rover àtijọ́, wíwá ni. Ẹ má ta èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí ti àbímọ́ tó délé tòun ti kàbúrétọ̀ àti gbogbo ìdè rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó fi ọdún mẹ́ta jókòó nítorí ìyẹn.

Èyí tó wù kó wà nínú ọkọ̀ níkẹyìn, ẹ lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé ọkọ̀ yín. Èmi tún ṣaasí ṣe, mo dá Hilux padà síbẹ̀. Ti àbímọ́ wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ìyàwó mi ti ń yé síbẹ̀.