Bí a ṣe ń mọ ibi tó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ sófin

Lásìkò kajú, ẹjọ́ ọmọ tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko máa ń pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, oríṣiríṣi ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé: ẹnìkan á ní kí wọ́n ti ọmọ náà mọ́lé kí ojú rẹ̀ lè là, ẹlòmíràn á dárúkọ ilé àtúnṣe kan ní ìlú jíjìn, àgbà kan á ní kí wọ́n mú un padà wá kí ẹbí jókòó sí i. Òbí tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú kì í mọ èyí tí yóò mú. Àwọn àmì tí ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí, àti ìbéèrè tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ bi, ni mo kọ síhìn-ín. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú wọn ni pé ibi tó dára máa ń ti mọ ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà padà sílé láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò nílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Kogí náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ó ní àtìmọ́lé kí ẹjọ́ tó parí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ó lò kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀nà mìíràn kò bá sí mọ́, kó sì mọ sí ìwọ̀n ìgbà tó kúrú jù lọ. Ó ní kí wọ́n fi tó òbí létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti parí ẹjọ́ tí kò wúwo láìdé kóòtù, pàápàá níbi tí ẹbí tàbí ilé ìwé bá ti ń ṣe ohun tó yẹ nípa rẹ̀, ó sì kọ̀ kí adájọ́ rán ọmọdé lọ sẹ́wọ̀n tàbí kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n nà án. Nítorí náà, àgọ́ tó ń ṣe dáadáa kò ní fi ọmọ ọdún 14 sínú yàrá kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà.

Ọjọ́ orí ló máa ń ba ọ̀ràn jẹ́ níbí. Ọmọ tó bá ga, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń yọ, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti pé ọdún 19. Ẹ tètè mú ìwé ìbí rẹ̀ lọ, tàbí káàdì ìrìbọmi, tàbí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an sínú ìwé ẹjọ́. Bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ní kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Legal Aid Council, tó ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja, a máa bá ẹni tí kò lówó rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ètò tí ọmọ yóò fi máa gbé ilé ló tọ́ sí púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ètò kò dára kìkì nítorí pé ẹbí tàbí ìlú ló ṣe é. New Zealand fi ìpàdé ẹbí sínú òfin wọn ní ọdún 1989: ọmọ tó ṣẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀, ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá á jókòó pọ̀, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ náà yóò ṣe láti tún nǹkan ṣe. Àwa náà mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, láti iwájú olórí ẹbí títí dé ààfin. Ohun tí ẹ ó ṣọ́ ni bóyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti wà níbi tí àgbà mẹ́wàá ti sọ̀rọ̀, tí ọmọ dọ̀bálẹ̀, tí bàbá rẹ̀ san owó ìtanràn, tí gbogbo wa sì túká. Bàbá ló jìyà, ọmọ kò tilẹ̀ wo ojú olóko lẹ́ẹ̀kan. Ìjókòó tó dára máa ń jẹ́ kí olóko sọ ohun tí òun pàdánù fún ọmọ náà lójúkojú, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, kí wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, bíi kí ó bá olóko ṣa kajú ní Sátidé mẹ́rin. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà kan tí yóò máa mójú tó o àti ọjọ́ tí yóò parí, kò sì gbọdọ̀ gba ọjọ́ ilé ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá gbé ẹrù olè lé e lórí yí ọjà ká, tàbí tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ètò náà ti bàjẹ́. Òfin dáàbò bo orúkọ àti àwòrán ọmọ tó wà lẹ́nu ẹjọ́, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí: ẹni tí gbogbo ọjà ti mọ̀ sí olè, ta ni yóò gbà á sí ṣọ́ọ̀bù láti kọ́ṣẹ́?

Àwọn ènìyàn rere tún máa ń dábàá kí a kó àwọn ọmọ olóríkunkun lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ẹ̀rù lè bà wọ́n, èmi náà sì ti gbà á gbọ́ rí. Irú rẹ̀ tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, ó sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ wé irú wọn tí wọn kò kó lọ, àwọn tó lọ ló tún ṣẹ̀ sófin jù. Ẹni tó bá fi irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀.

Bí adájọ́ bá ní ọmọ gbọ́dọ̀ lọ gbé ilé àtúnṣe, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Àwọn ilé Borstal ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, fún ọ̀dọ́ tó ti pé ọdún 16 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 21. Ìlọrin ló sún mọ́ wa jù, síbẹ̀ owó ọkọ̀ nìkan lè dá ìyá tó wà ní Bùnú dúró. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 1990 ní kí ẹbí lè bẹ ọmọ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ sì lè kọ lẹ́tà tàbí pe ẹni tó bá yàn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún òbí tó jìnnà. Bí wọ́n bá sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ “gbàgbé ilé” ná, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ má jẹ́ kí yàrá àlejò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ rí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, àti oúnjẹ tó wà nínú ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ẹ fetí sí ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń pe ọmọ: orúkọ rẹ̀ ni, nọ́ńbà ni, àbí ohun tó jí? Bí ọ̀gá bá wọlé tí ariwo eré dákẹ́ lójijì, tí gbogbo wọn na dúró bí igi, ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì rí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá jà. Ìlànà 1990 yẹn kò gba nína, kò gba yàrá òkùnkùn tàbí títi ọmọ mọ́ yàrá lóun nìkan, kò gba dídín oúnjẹ kù, kò sì gba dídènà ẹbí gẹ́gẹ́ bí ìyà. Ilé tó dára máa ń ní ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ìbáwí sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra; ẹ béèrè ọwọ́ òsì yẹn, ìyẹn ẹni tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ lóru bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní irinṣẹ́ kò ju orúkọ lásán lọ. Ẹ ka maṣíìnì ìránṣọ, kí ẹ sì wò bóyá abẹ́rẹ́ wà nínú wọn. Bí iṣẹ́ oko bá wà, ẹ béèrè ẹni tó ni oko. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi hàn pé inú ilé àtúnṣe ló ti gbà á. Ìlànà kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì kà á sí ọ̀kan nínú ohun tó láàánú jù nínú rẹ̀. Bí ilé náà bá tóbi, ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan. Ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ti ilé àtúnṣe ńlá wọn tó wà ní Boonville pa ní ọdún 1983, wọ́n sì pín àwọn ọmọ sí àwọn ilé kéékèèké tó sún mọ́ ìlú wọn, ní agbo tí kò ju nǹkan bí ọmọ 10 tàbí 12 lọ, kí òṣìṣẹ́ lè mọ olúkúlùkù. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ní ibùgbé tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ obìnrin.

Ilé aládàáni ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Kàdúná, àwọn ọmọdé wà nínú wọn, wọ́n sì ti fi ẹ̀wọ̀n de púpọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹbí tó ń wá àtúnṣe ló fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Ilé tí kò bá lè fi ìwé àṣẹ ìjọba hàn yín, tí kò ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, tí ó gba owó yín tí kò sì sọ ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ tó kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, ẹ sọ pé kí wọ́n kọ ètò ìpadàsílé rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí yóò wá mú un, ilé tí yóò gbé, ilé ìwé tàbí ọ̀gá tí yóò gbà á, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa wá wò ó fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ lọ bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́hùn-ún, kí ó jẹ́ pé nígbà tí yóò bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ibi tí yóò lọ ní Ọjọ́ Ajé ti wà nílẹ̀.