Bí mo ṣe yan ọkọ̀ ojú òkun tó gbé Màmá mi dé Éfésù

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Màmá mi pé ẹni 70 ọdún, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àríyá kankan. Ohun tí àwọn fẹ́ ni kí àwọn fi ẹsẹ̀ ara àwọn tẹ Éfésù, ìlú tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù, kí àwọn sì gba orí òkun débẹ̀. Orúnkún ọ̀tún wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti bí ọdún mélòó kan. Wọ́n ń rìn, àmọ́ wọn ò lè yára, bí wọ́n bá sì rí àtẹ̀gùn lókèèrè, ojú wọn á ti yí padà. Èmi ni iṣẹ́ wíwá ọkọ̀ já lé léjìká, torí èmi nìkan ni mo ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa.

Mo ti wọ̀ ọ́ rí lóòótọ́, mo sì ti dé Éfésù, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ nígbà yẹn ni kò sì jẹ́ kí n fi àwòrán yan ọkọ̀ fún Màmá. Ọkọ̀ ńlá ni ọkọ̀ ọ̀hún, ó dùn ún wò, oúnjẹ ò wọ́n nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. A gúnlẹ̀ sí Kuşadası ní Túrkì láàárọ̀. Láti èbúté yẹn dé Éfésù ò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ, bọ́ọ̀sì ń rìn ín ní bí ààbọ̀ wákàtí. Ìwé ìjáde tí mo sanwó fún (ìjáde ni màá máa pe ìrìn tí wọ́n ń mú èèyàn lọ lórí ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀) sọ pé wákàtí mẹ́rin ni. Lójú tèmi, wákàtí mẹ́rin nínú ìlú àtijọ́ náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. A tò kí a tó wọ bọ́ọ̀sì, a dúró de àwọn tó pẹ́, a lọ, a bọ̀, nígbà tí a sì ń padà, bọ́ọ̀sì yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká jókòó, wọ́n ń tú kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ iye kókó tó wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 50 sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́, ìṣẹ́jú 80 péré ni mo lò nínú Éfésù. Àwa èèyàn tó lé ní 40 là ń sáré tẹ̀ lé amọ̀nà kan tó gbé àsíá kékeré sókè.

Mo lọ sí tábìlì àwọn tó ń ta ìjáde nínú ọkọ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe. Mo padà lọ kà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìlà tó kẹ́yìn: ìdúró ráńpẹ́ fún àwọn tó bá fẹ́ rajà. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti Màmá délẹ̀, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo kọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin sínú rẹ̀, mo sì pinnu pé nǹkan méjì ni màá fi wọ̀n wọ́n: iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ Màmá máa fi wà níbi tí wọ́n torí ẹ̀ wá, àti irú ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ méje tó ń gbéra ní Piraeus, èbúté ìlú Áténì, tó sì ń yà sí Santorini, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, àti Kuşadası. Mo kọ wákàtí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dé àti èyí tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti yọjú. Ọ̀kan ń dé Kuşadası ní aago méje àárọ̀, ó ń lọ ní aago kan ọ̀sán. Òmíràn ń dé ní aago méje kan náà, àmọ́ ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ. Èbúté kan náà ni àwọn méjèèjì kọ sójú ìwé, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tí kò bá wo aago á rò pé ohun kan náà lòun ń rà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń yọ kúrò nínú wákàtí wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ ní aago méje, àwọn aláṣẹ èbúté gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì ń fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti wọlé tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú kó tó gbéra, àwọn mìíràn ń béèrè wákàtí kan gbáko. Ní ti Santorini, mo tún yọ wákàtí kan sí i, torí ọkọ̀ ńlá kì í rí ibi gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Àárín omi tí òkè oníná gbẹ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló máa ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré á wá máa kó èèyàn lọ sí èbúté. Ọkọ̀ tó kọ wákàtí mẹ́fà sílẹ̀ fún Santorini, mẹ́rin ni mo rí mú níbẹ̀.

Ìwé ìjáde wọn náà gba kíkà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wíwò yàtọ̀ sí wíwọlé. Bí wọ́n bá ní ẹ máa rí ilé kan, ó lè jẹ́ pé láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni. Bí wọ́n bá ní ẹ máa wọ inú rẹ̀, ẹ béèrè bóyá owó ẹnubodè wà nínú owó tí ẹ san. Ní Éfésù, fún àpẹẹrẹ, àwọn ilé olówó àtijọ́ tó wà lára òkè ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀. Ti Santorini ló sì yà mí lẹ́nu jù. Púpọ̀ nínú ìjáde ibẹ̀ ló jẹ́ pé èbúté Athinios ni wọ́n máa gbé yín lọ kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì, àmọ́ orí òkè ní ìlú Fira ni wọ́n máa já yín sí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté àtijọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ orí wáyà, àtẹ̀gùn 588, tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọkọ̀ orí wáyà ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ bí ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta mẹ́rin bá wà lómi lọ́jọ́ kan náà, ìlà rẹ̀ lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí orúnkún ń dùn á wá dúró lórí ẹsẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ìwé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ kedere.

Ní ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ má fi owó yàrá nìkan wéra. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Viking ń fi ìjáde kan ní èbúté kọ̀ọ̀kan sínú owó tó ń gbà, ilé iṣẹ́ Regent Seven Seas ń fi ọ̀pọ̀ ìjáde sínú tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi ń ga lójú. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní ọkọ̀ ńláńlá, ẹ máa san ìjáde lọ́tọ̀, ẹ máa san owó ìmọrírì àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n sì tún máa ń lé nǹkan sórí ọtí tí ẹ bá mu. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún èèyàn méjì fún ọjọ́ méje, èyí tó dà bíi pé ó wọ́n jù ló bọ́ sí ipò kejì nínú àwọn tí owó wọn kéré jù.

Ìtọ́jú àlejò ló ṣòro jù láti fi wéra, torí kò sí ilé iṣẹ́ tó máa kọ ọ́ síta pé òṣìṣẹ́ àwọn ń fojú fo èèyàn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ ìbéèrè mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà. Ẹnubodè wo ni bọ́ọ̀sì yín ń já èèyàn sí ní Éfésù, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀? Ta ló máa di ìyá mi mú bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré ní Santorini? Bí orúnkún bá kọ̀ jálẹ̀ láàárín ìrìn ńkọ́?

Èkíní dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan, àmọ́ ẹ̀rọ ló dáhùn, ó ní kí n tẹ ibí kí n sanwó. Èkejì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí n buwọ́ lù ú pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, àwọn kọ́. Ẹ̀kẹrin ò fèsì títí dòní. Ẹ̀kẹta ò fọhùn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo tiẹ̀ ti fa ìlà sí i nínú ìwé mi, àfi bí obìnrin kan ṣe pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ karùn-ún. Ó ní òun ń wá ẹni tó ń bójú tó ìjáde nínú ọkọ̀ náà gan-an kí òun má bàa sọ ohun tí òun ò mọ̀. Ó ní ẹnubodè òkè ni bọ́ọ̀sì àwọn ń já èèyàn sí, kí wọ́n lè máa sọ̀kalẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí òkúta mábù tó ń yọ̀ ni ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, òun ò sì ní gba ẹni tí orúnkún ń dùn nímọ̀ràn pé kó gbà á. Ó ní ní Santorini, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ló máa di Màmá mú, àmọ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní ìgbì le, kò sẹ́ni tó máa lọ, òun ò sì lè ṣèlérí ohun tó wà lọ́wọ́ òkun. Òun náà wá bi mí léèrè: "Àtẹ̀gùn mélòó ni Màmá lè gùn kí wọ́n tó sinmi?"

Mi ò mọ̀. Mo ní kó dúró díẹ̀, mo sáré lọ bá Màmá ní yàrá wọn.

"Mẹ́jọ," ni wọ́n wí. "Bí nǹkan ìdìmú bá wà, mẹ́wàá."

Ilé iṣẹ́ yẹn ni mo san owó fún. Òun náà ló ń dúró di aago mẹ́fà ní Kuşadası.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: ṣé ìjáde ti inú ọkọ̀ ni ká gbà ni, àbí ká háyà amọ̀nà tiwa? Bí ìjáde ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró, tàbí kí ilé iṣẹ́ wá ọ̀nà mú yín lé e bá. Bí ẹ bá dá lọ tí ẹ sì pẹ́, ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín lé ọkọ̀ dé èbúté tó kàn. Jíjìn ọ̀nà ni mo fi yanjú rẹ̀. Láti èbúté Civitavecchia sí Róòmù ń lọ sí kìlómítà 80, láti èbúté Le Havre sí Párísì ń lọ sí 200. Irú ibẹ̀ yẹn, inú bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ni màá jókòó sí. Àmọ́ Éfésù ò jìnnà, a sì ní ọjọ́ gbọọrọ, mo bá háyà amọ̀nà kan tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ọkùnrin náà wo bí Màmá ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wakọ̀ lọ sí ẹnubodè ìsàlẹ̀. Ó ní ibẹ̀ tẹ́jú, pé gbọ̀ngàn ìwòran àti ilé ìkówèésí Celsus kò jìnnà síbẹ̀, ibi tí a bá gbà wọlé náà la máa gbà jáde. A ò rí apá òkè. Màmá dúró níwájú gbọ̀ngàn tó gba nǹkan bí èèyàn 25,000 láyé ìgbà náà, wọ́n wo àga òkúta wọ̀nyẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọn ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n di ejìká mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra òkúta mábù tó wà nílẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ ti fọ̀ dán bí awo. "Ó gbóná," ni wọ́n wí. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ la lò níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni a fi jókòó.

Ní alẹ́ tó ṣáájú Santorini, ẹni tó ń bójú tó ìjáde pe yàrá wa. Ó ní ọkọ̀ mẹ́rin ló máa wà lómi lọ́la, pé bí a bá fẹ́, kí a kọ́kọ́ gòkè, kí a sì tètè sọ̀kalẹ̀ kí ìlà tó gùn. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ kékeré. Wọn ò di Màmá lọ́wọ́ mú, apá ni wọ́n dì mú, nísàlẹ̀ ìgúnpá. Wọ́n jẹ́ kí ìgbì gbé ọkọ̀ kékeré náà sókè kó bá ẹsẹ̀ Màmá dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jẹ́ kó kọjá, lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fọwọ́ tó. Yàrá wa jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, ọ̀nà náà gùn débi pé Màmá ń sinmi lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó dé ilé oúnjẹ. Àwòrán àjà ọkọ̀, tó ń fi ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà hàn, wà lórí ìkànnì wọn kí n tó sanwó, mi ò wò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Màmá ní kí n fún àwọn ní ìwé àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n gbé dígí ojú wọn wọ̀, wọ́n yẹ ojú ewé wákàtí wò, wọ́n yẹ ti owó wò, wọ́n yẹ ti ìdáhùn ilé iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Wọ́n wá gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ èbúté kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sórí rẹ̀: àga.

"O ka wákàtí, o ka àtẹ̀gùn," ni wọ́n wí. "O ò ka ibi tí mo lè jókòó sí. Jẹ́ ká jọ kọ ọ́ báyìí, kí n tó gbàgbé. Piraeus, méjì…"