Òkè Matterhorn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Kí ọ̀pọ̀ wa tó dé Zermatt, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè Matterhorn ní Swítsàlandì, la ti máa ń rò pé a mọ òkè yìí. Ara páálí ṣokoléètì Toblerone ni èmi ti kọ́kọ́ rí i, kí ilé iṣẹ́ náà tó kéde ní 2023 pé àwọn máa yọ àwòrán rẹ̀ kúrò. Wọ́n fẹ́ kó apá kan iṣẹ́ wọn lọ sí Slovakia, òfin Swítsàlandì ò sì fún wọn láyè láti lò ó mọ́. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ohun tí mo mọ̀ nípa òkè náà ò ju páálí ọ̀hún lọ.

Ẹ má pè é ní òkè tó ga jù lọ ní Alps, ọ̀wọ́ àwọn òkè ńlá ilẹ̀ Yúróòpù. Mítà 4,478 ni gíga rẹ̀. Mont Blanc ju mítà 4,800 lọ, Dufourspitze tí kò jìnnà síbẹ̀ sì jẹ́ 4,634. Ìrísí rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ má sì pè é ní ti Swítsàlandì nìkan. Orí rẹ̀ gan-an ni ààlà orílẹ̀-èdè méjì gbà kọjá, àwọn ará Ítálì tó wà ní Breuil-Cervinia, lódìkejì òkè, ń pè é ní Cervino.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa aláwọ̀ dúdú fẹ́ràn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé àpáta apá òkè rẹ̀ wá láti etí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìhà Áfíríkà nígbà kan, tó gun orí ti Yúróòpù nígbà tí méjèèjì forí gbárí. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ má sáré gbé e sórí Facebook pé òkè Áfíríkà ni. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ènìyàn kankan tó dáyé ni nǹkan ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn ará àfonífojì náà gbà pé àwókù ìlú kan wà lórí rẹ̀, pé àwọn iwin ló ń gbébẹ̀. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Ibi tí òkúta ti ń já lulẹ̀ láìsí ẹni tó jù ú, kí ni kí ẹni tó ń da màlúù nísàlẹ̀ máa pè é?

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni ká sọ pé Edward Whymper, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gun òkè náà, ká sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn méje ló dé orí rẹ̀ ní July 14, 1865. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ afinimọ̀nà: Michel Croz, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Peter Taugwalder bàbá àti ọmọ, ará Zermatt. Charles Hudson tó jẹ́ àlùfáà, Douglas Hadow, ọmọ ọdún 19, àti Francis Douglas, ọmọ ọdún 18, ló kù. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ Hadow yọ̀, ó gbá Croz tó wà níwájú rẹ̀ ṣubú, àwọn méjèèjì sì fa Hudson àti Douglas lọ. Okùn tí wọ́n fi so ara wọn pọ̀ já láàárín Douglas àti Taugwalder bàbá. Mẹ́rin kú, títí dòní, wọn ò rí òkú Douglas.

Ibẹ̀ ni àhesọ ti bẹ̀rẹ̀ pé bàbá yẹn ló gé okùn láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ẹ má tún un sọ. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọn ò dá a lẹ́bi, àmọ́ ìfura náà ò fi í sílẹ̀. Okùn ọ̀hún wà nínú mùsíọ́ọ̀mù Zermatt, mo sì lọ wò ó nínú gíláàsì tí wọ́n fi bò ó. Ó tín-ín-rín, ibi tó já rí wúruwùru bí irun àgbàdo. Èmi ò lè fi so ewúrẹ́. Nínú irú okùn mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ, èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n so mọ́ ibẹ̀ yẹn.

Ẹ má gbàgbé Jean-Antoine Carrel náà, afinimọ̀nà ọmọ Ítálì, tó fẹ́ kó jẹ́ láti ìhà ilé òun ní Ítálì ni wọ́n á ti gùn ún. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ ní July 14 nígbà tí Whymper àti Croz dé orí òkè, tí wọ́n sì ń yí òkúta sílẹ̀ kí àwọn ará Ítálì lè gbójú sókè. July 17 ló gba ọ̀nà tirẹ̀ débẹ̀. Ní 1871, Lucy Walker di obìnrin àkọ́kọ́ tó dórí rẹ̀, tòun ti yẹ̀rì gígùn.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ má wakọ̀ lọ sí Zermatt: Täsch ni mọ́tò ń dúró, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ẹ má sáré kiri tí ẹ bá dé Gornergrat, orí òkè kan nítòsí Zermatt tó ga ní mítà 3,089, torí orí á fọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ gun Matterhorn fúnra rẹ̀, kó má ṣe ka ahéré Solvay, mítà 4,003, sí ibùsùn tó lè gbà sílẹ̀; ti ẹni tí wàhálà bá ká mọ́ ni. Kó má sì gbìyànjú láti ṣáájú àwọn afinimọ̀nà Zermatt jáde ní Hörnli, ahéré tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà, láàárọ̀ kùtù. Àwọn ló ń kọ́kọ́ jáde, àṣà ni. Ọ̀kan nínú wọn, Ulrich Inderbinen, gun òkè yìí ju ìgbà 370 lọ, ẹni 90 ọdún ni nígbà tó gùn ún kẹ́yìn.

Itẹ́ òkú àwọn agùnkè wà láàárín ìlú, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Croz wà níbẹ̀. Ibojì kan wà tí wọ́n gbé àáké yìnyín sí lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé òun ló yàn láti gùn. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n gbé fóònù lé orí òkúta ibojì kan kí òkè lè hàn dáadáa lẹ́yìn wọn. Ìyá àgbà kan tó ń bomi rin òdòdó nítòsí ò bá wọn wí. Ó kàn gbé agolo omi rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mú fóònù náà kúrò.