Bẹ́ẹ ṣe máa ka ìlérí owó orí àyíká kẹ́ẹ tó dìbò

Ẹ̀yin ará wa ní London, tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ní àwọn fẹ́ gbowó torí àyíká, ẹ má kàn pariwo, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa san án gan-an. Lọ́dún 2024 Green Party ní àwọn fẹ́ gba £120 lórí tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan, kó máa gùn dé £500 láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn Conservative ní tiwọn ní àwọn máa dá ULEZ (agbègbè London tí mọ́tò tó ń tú èéfín púpọ̀ ti ń sanwó) tí wọ́n fẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ wá ṣírò tiyín: mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì tí ò tó Euro 6 (ìwọ̀n èéfín tí wọ́n fàyè gbà fún mọ́tò), £12.50 owó ULEZ lójúmọ́ nìyẹn o, ọjọ́ ogún péré £250 ti wọlẹ̀ (owó ọjà ilé mà nìyẹn!). Ẹ tún bi wọ́n, ṣé bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa fowó ọ̀hún rà? Ọmọ Nàìjíríà tí físà ẹ̀ ṣì dáa lè dìbò níbẹ̀, ẹ sáà ti forúkọ sílẹ̀.